Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Tìmùtìmù Àga Tábìlì Oúnjẹ Nílé

Àga tábìlì oúnjẹ tí àwọn káfíńtà àtijọ́ fi ìrókò tàbí ọ̀gànwó kàn ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ ilé, igi rẹ̀ ò sì tíì ṣe nǹkan kan. Ìjókòó rẹ̀ nìkan ló bàjẹ́: fóòmù ti rì, léda ń bó wẹ́wẹ́, ó sì ń lẹ̀ mọ́ aṣọ àlejò. Irú àga bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń jù sẹ́yìnkùlé. Bó bá jẹ́ pé síkúrù mẹ́rin ni wọ́n fi de tìmùtìmù rẹ̀ láti abẹ́, ẹni tó bá mọ òòlù àti àlùmọ́gàjí lò lè tún un ṣe fúnra rẹ̀. Irú àga yẹn ni ìwé yìí dá lé. Àga tó ní sípíríǹgì nínú, tàbí tí aṣọ rẹ̀ gba ẹ̀yìn dé apá, ẹ gbé e fún ọ̀gá tó ń ṣe é. Aṣọ tí ẹ máa fi kọ́ṣẹ́ lórí rẹ̀ lè ju owó ọ̀gá náà lọ.

Igi ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ dojú àga délẹ̀, ẹ di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì mú, kí ẹ mì í. Tó bá ń mì jẹ́gẹ́jẹ́gẹ́, oríkèé rẹ̀ ti tú. Ọyẹ́ ló sábà máa ń ṣe é bẹ́ẹ̀: igi á gbẹ, á súnkì, gọ́ọ̀mù àtijọ́ á sì jáwọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn mú ìṣó, wọ́n á gbá a bọ ibẹ̀. Ìṣó yẹn máa ń la igi ni, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ àga náà á tún máa mì. Ẹ fa oríkèé náà yọ, ẹ ha gọ́ọ̀mù tó ti gbẹ síbẹ̀ kúrò títí ojú igi á fi hàn, ẹ fi gọ́ọ̀mù funfun ti káfíńtà sí i, kí ẹ wá fi rọ́bà tíúbù kẹ̀kẹ́ dè é gírígírí di ọjọ́ kejì. Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kí àga dúró sí nígbà tí ẹ bá ń dè é, kí ẹsẹ̀ kan má baà ga ju èkejì lọ.

Ẹ tún wo ihò kéékèèké lára igi, pàápàá bó bá jẹ́ àfàrà. Ẹ gbá ìyẹ̀fun tó wà nídìí rẹ̀ nù. Bí òmíràn bá tún dà sílẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, kòkòrò ṣì ń jẹun nínú rẹ̀. Ẹ fi oògùn igi tí àwọn káfíńtà ń lò kùn ún, kí ó gbẹ pátápátá. Èyí tí ikán ti jẹ inú rẹ̀ di òfìfo, igi ìdáná ni.

Ọ̀rọ̀ ìdun

Ẹ má fojú kékeré wo èyí. Ibi tí aṣọ ti pàdé páákó lábẹ́ ìjókòó ni ìdun fẹ́ràn, torí ó ṣókùnkùn, kò sì jìnnà sí ara èèyàn. Ìgbẹ́ wọn dúdú, ó máa ń tò sí etí ojúrán. Awọ tí wọ́n bọ́ sílẹ̀ fúyẹ́, ó sì pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Aṣọ tuntun lórí ìdun, ilé tuntun lẹ kọ́ fún wọn.

Ìta ni kí ẹ ti tú àga, kì í ṣe pálọ̀. Ẹ kó aṣọ àti fóòmù àtijọ́ sínú ọ̀rá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ di ẹnu rẹ̀. Ẹ da omi tó ń hó sí gbogbo ojú ihò àti oríkèé igi. Omi gbígbóná pa ìdun, ó sì pa ẹyin rẹ̀. Ó lè tú gọ́ọ̀mù o, ìdí nìyẹn tó fi dáa kí ẹ ṣe é kí ẹ tó de oríkèé. Lẹ́yìn náà, ẹ sá a sóòrùn títí tó fi gbẹ dénú.

Ẹ má fi dichlorvos, oògùn apakòkòrò, wọ́n ìjókòó tí ọmọdé máa jókòó jẹun lórí rẹ̀. Májèlé tó ń gba imú àti awọ wọlé ni, NAFDAC sì gbé òfin dìde ní ọdún 2019 lòdì sí títa ìgò rẹ̀ kéékèèké tó jẹ́ mílílítà 100.

Fóòmù àti aṣọ

Ẹ̀tàn pọ̀ nídìí fóòmù. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́: bí ìka yín bá kan ìsàlẹ̀ láìsí wàhálà, ìdí àlejò náà á kan páákó. Èyí tó nípọn íǹsì méjì tó sì le, ó sàn ju ti íǹsì mẹ́rin tó rọ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá mọ ìwọ̀n rẹ̀, ẹ béèrè èyí tó wọn kìlógíráàmù 30 sókè ní mítà kúbíìkì. Ẹ má sì jẹ́ kó nípọn ju ti àtijọ́ lọ púpọ̀, torí tábìlì ò ní ga sí i. Bí ààyè láti orí ìjókòó dé ojú tábìlì bá ti dín púpọ̀ sí ẹsẹ̀ bàtà kan, itan àgbàlagbà á máa ha.

Ní ti aṣọ, èmi ò rí ìdí tí a fi ń sáré sí léda olówó pọ́ọ́kú. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò lójú ni púpọ̀ nínú wọn. Ooru, òógùn àti ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ilẹ̀ wa á jẹ rọ́bà náà, á sì máa bó. Aṣọ àga gidi, èyí tó nípọn tí òwú rẹ̀ sì fún pọ̀, pẹ́ jù ú lọ. Irú rẹ̀ wà ní Gbági ní Ìbàdàn.

Aṣọ òkè ńkọ́? Ó lẹ́wà, àga tí a fi ipele ìyá bò sì lè dúró ní pálọ̀ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún kí wọ́n tó rán an pọ̀, ojú ìránpọ̀ yẹn ló sì máa ń kọ́kọ́ já bí èèyàn bá ń jókòó lé e. Ẹ fi gọ́ọ̀mù sítéè, aṣọ tó ní gọ́ọ̀mù lójú tí àwọn télọ̀ ń lò, lọ̀ ọ́ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó gé e. Bó bá jẹ́ àdìrẹ aláró bíi ti Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta lẹ fẹ́, ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́, kí ẹ wá fi àkísà funfun tútù ra á. Bí àkísà bá ṣì gba aró, aṣọ funfun ẹni tó bá jókòó náà á gbà á. Ankara fẹ́lẹ́, aṣọ mìíràn gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí. Bí páákó ìjókòó bá jẹ́ íǹsì 18 ní ìbú àti òòró, ẹ fi íǹsì méjì kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan fún gíga fóòmù, àti méjì mìíràn fún èyí tó máa ká sábẹ́: íǹsì 26. Aṣọ àga sábà máa ń fẹ̀ tó íǹsì 54, nítorí náà ìjókòó méjì á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Àga mẹ́fà á gba íǹsì 78. Ẹ ra yáàdì méjì àbọ̀. Ankara kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹyọ kan ló máa gbà ní ìbú, àga mẹ́fà á sì mú ju yáàdì mẹ́rin lọ. Bí aṣọ bá ní òdòdó ńlá tí ẹ fẹ́ kó bọ́ sí àárín ìjókòó kọ̀ọ̀kan, ẹ fi yáàdì kan kún un.

Iṣẹ́ ọwọ́

Ẹ kọ nọ́ńbà sí abẹ́ páákó kọ̀ọ̀kan àti sára àga tó ni ín kí ẹ tó tu síkúrù, torí ihò àga kan kì í bá ti èkejì mu. Ẹ fi ẹ̀mú fa gbogbo pín-ìn-nì àtijọ́, irin kéékèèké tí wọ́n fi kan aṣọ mọ́ páákó, yọ. Ẹ wọ awò ojú, wọ́n máa ń ta. Bí páákó bá ti tẹ̀, ẹ gé pílíwúùdù onídajì íǹsì dípò rẹ̀.

Ẹ gbé páákó lé fóòmù, ẹ fi bírò yí i ká, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ onéyín tí a fi ń gé búrẹ́dì gé e, kó fi díẹ̀ yọ kọjá ìlà. Ẹ kùn gọ́ọ̀mù tí a fi ń lẹ fóòmù, kì í ṣe ti funfun, sí fóòmù àti páákó, ẹ dúró kó má lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, kí ẹ tó pa wọ́n pọ̀. Òórùn gọ́ọ̀mù yẹn máa ń gbaná, ẹ jìnnà sí ààrò àti sìgá.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ la dé yìí. Ẹ tẹ́ aṣọ, kí ojú rẹ̀ kọ sílẹ̀. Fóòmù lé e, páákó lókè. Ẹ má fi igun bẹ̀rẹ̀. Ẹ kan pín-ìn-nì kan sí àárín iwájú, ẹ fa aṣọ, ẹ kan òmíràn sí àárín ẹ̀yìn, kí ẹ tó kan ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bákan náà. Láti ibẹ̀, ẹ máa kàn án lọ síhà igun díẹ̀díẹ̀, tọ̀tún tòsì, iwájú àti ẹ̀yìn, kí ẹ sì fi íǹsì mẹ́ta sílẹ̀ ní igun kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n ṣe ń bo awọ ìlù náà ni: a kì í fa apá kan le tán kí a tó kan apá kejì. Ẹ máa yí i padà wò lóòrèkóòrè. Bí ìlà aṣọ bá ti wọ́, ẹ tú u nígbà tó ṣì jẹ́ pín-ìn-nì mẹ́ta.

Ní igun, ẹ fa ṣóńṣó aṣọ síhà àárín páákó, ẹ kàn án, kí ẹ wá ká apá méjèèjì lé e. Ẹ gé èyí tó bá pọ̀ jù dànù. Bí igun bá nípọn, ìjókòó ò ní wọ àyè rẹ̀ mọ́. Pín-ìn-nì mílímítà mẹ́jọ tó fún pílíwúùdù yìí. Ẹni tí kò bá ní ìbọn pín-ìn-nì lè lo ìṣó kéékèèké olórí pẹlẹbẹ tí àwọn aránbàtà ń lò, kí gígùn rẹ̀ má tó ìdajì íǹsì. Léda líle á rọ̀ bí ẹ bá sá a sóòrùn fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ fi aṣọ dúdú bo abẹ́ rẹ̀ kí eruku má baà máa dà sílẹ̀, kí ẹ sì dá síkúrù padà. Bí ihò bá ti gbòòrò, ẹ ki igi ìṣáná tí ẹ rẹ sínú gọ́ọ̀mù bọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, síkúrù á di ibẹ̀ mú.

Ẹ má dáná sun fóòmù àtijọ́ nínú ọgbà. Májèlé ni èéfín rẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ nínú ọ̀rá tí ẹ ti di ẹnu rẹ̀, kí ẹ kó o fún àwọn akólẹ̀.