Bí mo ṣe wá nẹ́tíwọ́kì kejì fún oko ẹja Àǹtí mi lẹ́yìn Aládé Ìdànrè

Òjò kan rọ̀ lóṣù kẹfà ọdún tó kọjá, òjò tó mú ààrá dání, nígbà tílẹ̀ máa fi mọ́, ọmọ ẹja àrọ̀ tó lé ní 600 ti léfòó sójú omi nínú pọ́ńdì Àǹtí mi. Oko ẹja yẹn wà lẹ́yìn Aládé Ìdànrè, èmi ń gbé Ìjàpò níbí ní Àkúrẹ́. Inverter sólà tó ń gbé pọ́ǹpù ló pa ara ẹ̀ lóru, omi tuntun ò wọlé mọ́, èyí tó wà nílẹ̀ dẹ̀ bà jẹ́. Ẹja àrọ̀ tó ti dàgbà lè yọrí sókè kó mí afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé, ohun tí wọ́n máa fi mí afẹ́fẹ́ yẹn ò tíì pé lára wọn, èyí tó wà nínú omi nìkan ni wọ́n gbójú lé.

Ohun tó dùn mí jù nínú ẹ̀ ni pé èmi ni mo bá wọn fa gbogbo ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀. Mo lè wà lórí bẹ́ẹ̀dì kí n tan inverter yẹn padà látorí fóònù mi, kò ní gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Àmọ́ rédíò tó wà lórí òrùlé ibẹ̀, tó ń fa íntánẹ́ẹ̀tì látọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ kan nínú ìlú, ti kọ́kọ́ dákẹ́, mi ò rí nǹkankan, mo sùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Àǹtí mi ò bá mi jà o. Wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní, "Ọkọ mi, ṣé kò wá sí ọ̀nà míì tá a lè gbà wọ ibẹ̀ tíyẹn bá ti lọ ni?" Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo ẹni tí mo bi ló ní kí n ra síìmù kan kí n kì í sínú MiFi, ó tán. Èmi náà rò pé ó máa tán bẹ́ẹ̀.

Mo kọ́kọ́ ṣírò ohun tí síìmù yẹn máa gbé. Inverter á máa sọ iye tó kù nínú bátìrì, pọ́ǹpù á máa sọ bóyá òun ń ṣiṣẹ́ àbí òun ti dúró, èmi náà á lè wọlé tẹ bọ́tìnì nígbà tí mo bá fẹ́. Gbogbo ìyẹn pọ̀ ò lè tó 100MB lóṣù. Kámẹ́rà méjì tó wà níbẹ̀ ló lè jẹ wá tán: kámẹ́rà kan tó bá ń rán fídíò ní 1Mbps máa jẹ nǹkan bí 450MB ní wákàtí kan ṣoṣo, tílẹ̀ bá fi máa ṣú tó sì tún mọ́, ó ti lé ní 10GB, kámẹ́rà kan péré nìyẹn o. Látìgbà tí NCC, àjọ tó ń darí ilé iṣẹ́ fóònù, sì ti gbà fún àwọn nẹ́tíwọ́kì ní oṣù kìíní 2025 pé kí wọ́n fi owó lé owó, tó lè tó 50%, ta ló fẹ́ máa fi dátà ṣòfò? Mo wá sọ fún rúta, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo nǹkan tó wà lóko, pé tó bá ti bọ́ sórí síìmù, kámẹ́rà ò gbọdọ̀ gba ibẹ̀ kọjá, àfi tí èmi fúnra mi bá ní kó ya fọ́tò kan wá.

Mo mú Àǹtí mi lọ sí Arákàlẹ̀ lọ ra síìmù. Mo lè fi NIN tèmi gbà á, ṣùgbọ́n oko wọn ni, tó bá di ọ̀la tí mo kó lọ sí Èkó, kí síìmù má bá mi lọ. A ra mẹ́ta, ìkẹrin wà lọ́wọ́ mi tẹ́lẹ̀.

Mi ò ní sọ pé nẹ́tíwọ́kì báyìí ló dáa, nẹ́tíwọ́kì báyìí ni ò dáa. MTN o, Airtel o, Glo o, èyí tá a mọ̀ sí 9mobile o, gbogbo wọn ló ní ibi tí wọ́n ti ń mú bí iná, tí wọ́n dẹ̀ ní ibi tí wọn ò ti sí rárá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òkúta Ìdànrè á ti mọ ohun tí mò ń wí, ẹ lè wà ní ẹ̀gbẹ́ òkè kan kí sẹ́fíìsì kún, ẹ yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ti pòórá. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé tòun ń mú dáadáa ní Alágbàká, òótọ́ ló ń sọ, ṣùgbọ́n Alágbàká ò sí ní Aládé.

Torí náà mo kó gbogbo síìmù náà lọ sóko. Mi ò dúró létí títì o, iwájú yàrá pọ́ǹpù gan-an níbi tí rúta máa wà ni mo dúró sí. Mi ò dẹ̀ wo àwọn ọ̀pá kéékèèké tó wà lókè fóònù, wọ́n máa ń tan èèyàn. Ẹ wọ Settings lórí Android, ẹ lọ sí About phone, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ SIM status sí, ẹ máa rí nọ́ńbà kan tó ní dBm nídìí àti àmì ìyọkúrò níwájú. Tẹ́ ẹ bá yọwọ́ àmì yẹn, bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe kéré tó ni sẹ́fíìsì ṣe lágbára tó: -85 dáa gan-an, tó bá ti ń lọ sí -110 ẹ ti ń wá wàhálà nìyẹn. Mo wọ̀n ọ́n lọ́sàn-án, mo wọ̀n ọ́n ní aago mẹ́jọ alẹ́ tí gbogbo èèyàn ti dé láti ibi iṣẹ́ tí wọ́n ń wo fídíò, mo sun ibẹ̀ mọ́jú kí n lè wọ̀n ọ́n ní aago márùn-ún ìdájí. Àkọ́kọ́ jẹ́ -84, ìkejì -91, ìkẹta -111, ìkẹrin ò rí 4G rárá, 2G ló ń fà. Upload ni mo tún ń wò, torí oko ló ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí mi, èmi kọ́ ni mò ń fi ránṣẹ́ sí oko, àwọn tó ń polówó dátà kì í dẹ̀ẹ́ sọ ti upload.

Ẹnikẹ́ni tó bá wo nọ́ńbà wọ̀nyẹn máa mú àkọ́kọ́, èmi náà ti mú un. Mo ti ń bọ̀ nílé ni mo rí bàbá kan tó ń ṣọ́ másìtì tó wà lápá ibẹ̀, ló jókòó sábẹ́ igi, mo ní kí n kí wọn.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ni másìtì yìí?"

"Ta ni ò sí níbẹ̀, ọmọ mi?" Wọ́n nàka sókè. "Nẹ́tíwọ́kì méjì ló háyà ibẹ̀. Èyí tó rí róbótó yẹn, tàwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì láti Àkúrẹ́ nìyẹn."

Àyà mi já. Mo bi wọ́n nípa alẹ́ ọjọ́ òjò yẹn. Wọ́n ní ààrá ló ba iná ibẹ̀ jẹ́, jẹnẹrétọ̀ ò gbé e, àwọn tó wá tún un ṣe ò dé àfi ọjọ́ kejì. Gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀ ló dákẹ́ pọ̀.

Ẹ wá wò ó o. Síìmù méjèèjì tó lágbára jù níbi tiwa àti rédíò tá a ti ń lò tẹ́lẹ̀, ojú másìtì kan náà ni gbogbo wọn wà. Tí mo bá mú àkọ́kọ́ yẹn, alẹ́ ọjọ́ tí rédíò bá tún kú ni òun náà máa kú, á kàn dà bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ méjì àmọ́ tó kó méjèèjì sínú àpò kan. Nílùú wa níbí ilé iṣẹ́ kan lè kọ́ másìtì kí nẹ́tíwọ́kì bíi mẹ́ta wá háyà ẹ̀, dísẹ́ẹ̀lì kan ló ń gbé gbogbo wọn. Mo rántí ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024 tí àwọn okùn tó gba abẹ́ òkun wá já lápá Côte d'Ivoire, WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne, tí íntánẹ́ẹ̀tì àti báńkì oríṣiríṣi dẹ̀ jọ dojú rú lọ́jọ́ kan náà. Orúkọ wọn yàtọ̀, ojú ọ̀nà wọn ni ò yàtọ̀.

Bó ṣe di pé ìkẹta ni mo mú nìyẹn, èyí tó jẹ́ -111. Mo béèrè dáadáa kí n tó mú un, másìtì tiẹ̀ wà lápá ìlú Ìdànrè, òdìkejì pátápátá. Àǹtí mi ní, "Ṣé èyí tí ò mú yìí náà lo mú ni?" mo ní ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ra áńtẹ́nà tó ń kọjú síbì kan, mo dè é mọ́ irin gígùn tó ga tó 20 ẹsẹ̀ bàtà, èmi wà lórí àkàbà mò ń yí i díẹ̀díẹ̀, ọmọkùnrin tó ń bójú tó ẹja wà nísàlẹ̀ ń ka nọ́ńbà sókè fún mi, -110, -108, ó tún padà sí -112, mo yí i padà, -103, òógùn ti bò mí, nígbà tó pariwo pé "bọ̀ọ̀dá, -97!" mo ní ẹ má fọwọ́ kan nǹkankan mọ́, mo dè é le. Kò yára o. Ṣùgbọ́n ohun tá a fẹ́ fi ṣe ò bèèrè eré.

Mo rò pé mo ti parí, mo délé mo gbìyànjú láti wọ oko látorí síìmù, kò jẹ́. Mo wo àdírẹ́sì tí wọ́n fún rúta, 10 ló fi bẹ̀rẹ̀, mo mọ̀ pé mo ti wọ gàù. Nẹ́tíwọ́kì fóònù kì í sábà fún síìmù kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì tí ará ìta lè rí, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń lo ẹyọ kan. Ẹ fi wé ilé onílé púpọ̀ tó ní géètì kan tí mẹ́gáàdì ò jẹ́ kí àlejò kankan wọlé, ẹni tó wà nínú ilé lè jáde bó ṣe wù ú, ẹni tó wà níta ni ò lè wọlé. Mo pe 300, ọmọbìnrin tó gbé e dá mi lóhùn jẹ́jẹ́, ó ní àdírẹ́sì tí kì í yí padà wà, àmọ́ ilé iṣẹ́ tó ní ìwé ni wọ́n ń fún. Oko ẹja ò nírú ìwé yẹn.

Ọ̀nà tí mo gbé e gbà ni pé kí oko fúnra ẹ̀ máa jáde wá bá mi. Mo háyà sáfà kékeré kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó máa ń wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà gbogbo, mo fi WireGuard, tó ń la ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ láàárín ẹ̀rọ méjì, sórí ẹ̀, mo fi sórí rúta oko náà, rúta ló ń pe sáfà, èmi náà á pe sáfà láti ilé, ibẹ̀ la ti ń pàdé. Ẹ má gbàgbé PersistentKeepalive o, mo fi sí 25, ìyẹn ni pé ní ìṣẹ́jú àáyá 25, 25, á máa ju nǹkan kékeré jáde kí mẹ́gáàdì má baà ti géètì mọ́ ọn lẹ́yìn. Kì í jẹ dátà tó nǹkan.

Ti iná ńkọ́? Ibi tí mo ti ṣàṣìṣe lákọ̀ọ́kọ́ nìyẹn, mo ki rúta bọ sókẹ́ẹ̀tì inverter. Inverter tí mo fẹ́ máa tan padà ni mo tún ní kó máa gbé rúta! Tó bá pa ara ẹ̀, rúta náà á kú, mo gba ibo wọlé? Mo yọ ọ́, mo ra ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ 24V di 12V, mo fà á tààrà látẹnu bátìrì pẹ̀lú fíúùsì, àpótí tó ń bá inverter sọ̀rọ̀ náà, ibẹ̀ ni mo gbé e sí.

Fún rúta láti mọ̀ pé rédíò ti lọ, mi ò jẹ́ kó máa wo bóyá iná wáyà ń tàn. Iná lè máa tàn kí íntánẹ́ẹ̀tì má sí níbẹ̀. Ó ń pè 8.8.8.8 àti 1.1.1.1, àdírẹ́sì Google àti ti Cloudflare lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti orí rédíò, tí wọn ò bá dáhùn lẹ́ẹ̀mẹta, ó yí sórí síìmù. Tí síìmù náà bá wá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó pa ara ẹ̀ kó tún tan ara ẹ̀.

Mo ní kí ọmọkùnrin yẹn yọ wáyà rédíò lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, ó yí, inú mi dùn. Lẹ́yìn oṣù kan ó lé díẹ̀ mo ní kó tún yọ ọ́, kò yí. Dátà ọgbọ̀n ọjọ́ ti parí, bó ṣe kù tó ò ṣe nǹkankan. Látìgbà yẹn mo fi sí èyí tó ń tún ara ẹ̀ rà, mo máa ń fi kádì sílẹ̀ lórí ẹ̀, gbogbo ọjọ́ Àìkú rúta á lo síìmù fún wákàtí kan, mo dẹ̀ ń tẹ *323# látinú rúta láti wo dátà, *310# láti wo owó, gbogbo nẹ́tíwọ́kì ló ń lo nọ́ńbà yẹn báyìí. Wákàtí ọjọ́ Àìkú yẹn tún wúlò fún nǹkan míì: síìmù tí ò bá ṣe nǹkan tó mówó wọlé fún oṣù mẹ́fà, wọ́n lè pa á, tí oṣù mẹ́fà míì bá tún kọjá, nọ́ńbà yẹn lè di tẹlòmíì.

Oṣù kẹsàn-án, aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá òru, ààrá sán, fóònù mi dún: rédíò ti lọ, síìmù ló ń gbé e. Mi ò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tí inverter náà fi pa ara ẹ̀. Mo tàn án. Mo dúró, mo ń wò ó títí pọ́ǹpù fi sọ pé òun ti bẹ̀rẹ̀, mo ní kí kámẹ́rà ya fọ́tò kan wá, ó pẹ́ kó tó dé, ó dé ṣá, omi ń tú jáde lẹ́nu páìpù. Mo fi ránṣẹ́ sí Àǹtí mi lórí WhatsApp. Àṣé àwọn náà ò sùn. Wọ́n dá mi lóhùn lójú ẹsẹ̀: "Ọkọ mi, o ṣé o. Lọ sùn."