Bí ẹ ṣe lè wo ìrísí gálásì elliptical ńlá nínú ìmọ́lẹ̀ infrared, lórí fóònù yín

Gálásì ni àgbájọ ìràwọ̀ tó pọ̀ rẹpẹtẹ, elliptical ni èyí tó rí roboto tàbí bí ẹyin, infrared sì ni ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ò lè rí. Ẹ wá Aladin Lite, ìkànnì tó ń fi àwòrán ojú ọ̀run hàn, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, ẹ ò ní dáńlóòdù nǹkankan, ẹ wá tẹ NGC 5128 síbẹ̀, òun náà ni wọ́n ń pè ní Centaurus A. Àwòrán ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí ló máa kọ́kọ́ jáde: gálásì yẹn á funfun bíi òwú, ṣùgbọ́n nǹkan dúdú kan dábùú àárín ẹ̀ bí ọ̀já tí ìyálọ́mọ fi pọnmọ. Eruku ni o, ó ti bo àwọn ìràwọ̀ tó wà lẹ́yìn ẹ̀.

Ó yá, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ àwòrán, ẹ mú 2MASS, àkójọ àwòrán infrared ti gbogbo ojú ọ̀run. Tẹlisíkóòpù méjì, ọ̀kan ní Arizona, èkejì ní Chile, ni wọ́n fi ya ìyẹn láàárín 1997 sí 2001. Ẹ wo ọ̀já yẹn dáadáa, ó ti tín-ín-rín, àárín gálásì ti wá yọ sí yín kedere! Ìgbì infrared gùn ju hóró eruku lọ, ìyẹn ni kò fi rọrùn fún eruku láti dí i lọ́nà, àti pé àwọn ìràwọ̀ tó ti dàgbà, tó pọ̀ jù nínú elliptical, inú infrared gan-an ni ìmọ́lẹ̀ wọn ti lágbára. Ibi tí ẹ bá ti rí ìmọ́lẹ̀ jù, ibẹ̀ ni ìràwọ̀ pọ̀ sí lóòótọ́, ohun tí mo ṣe fẹ́ràn ẹ̀ nìyẹn.

Tó bá kan wíwọ̀n, ẹ mú M59, gálásì elliptical míì, ẹ ya screenshot, ẹ fi rúlà wọn gígùn àti fífẹ̀ ẹ̀. Ká ní ó gùn ní 10, ó fẹ̀ ní 7, ẹ fi 10 pín 7, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 1, ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po 10: E3 nìyẹn, bí Edwin Hubble, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, ṣe pè é, láti E0 tó rí roboto títí dé E7. Àmọ́ ẹ rántí pé ẹyin tó kọ orí sí èèyàn, roboto la máa rí i.

Ẹ tún wo igun ẹ̀. Àwọn tó tóbi gan-an sábà máa ń ní igun bíi ọṣẹ, wọn kì í yí kánkán, torí gálásì tó ti para pọ̀ ni wọ́n. Àwọn tó kéré sí i máa ń ṣóńṣó létí méjèèjì, wọ́n sì ń yí dáadáa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi etí tí ẹ rí nínú 2MASS ṣe òpin gálásì, afẹ́fẹ́ ayé wa fúnra ẹ̀ ń tàn nínú infrared, ó ń gbé ibi tó ṣókùnkùn mì. Tẹlisíkóòpù infrared Spitzer tí wọ́n gbé lọ sójú òfuurufú ní 2003 rí jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ.