Logbook ICU fún àwa oníṣẹ́-abẹ: ohun tí wọn ò sọ fún mi

Owó àyẹ̀wò logbook, ìwé tí oníṣẹ́-abẹ tó ń kọ́ iṣẹ́ ICU (yàrá ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an) ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí, tí mo tún san lẹ́yìn tí àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò dá ti àkọ́kọ́ padà ṣì ń dùn mí. Dọ́là ni wọ́n ń gbà, gbogbo wa la sì mọ ohun tí dọ́là ń fi ojú náírà rí. Ìdí tí wọ́n fi dá a padà kò ju gbólóhùn kan lọ: iṣẹ́-abẹ ló kún inú rẹ̀, ìtọ́jú ICU ò hàn. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìlànà tí wọ́n fún wa nígbà ìforúkọsílẹ̀ kò sọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìtọ́jú ICU. Ojú-ewé tí a ó ti ka iye tube ọ̀fun, tube àyà àti central line (okùn tí a ń tì sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá) ló gbòòrò jù níbẹ̀. Ohun tí wọ́n béèrè la kọ.

Ti fọ́ọ̀mù, ìwé ẹ̀rí àti lẹ́tà ọ̀gá, ẹni tó ti gba FWACS tàbí FMCS (oyè àwọn oníṣẹ́-abẹ àgbà) mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, mi ò ní dúró lórí ìyẹn. Ọ̀nà tí a lè gbà kọ́ iṣẹ́ ICU pọ̀: ọdún kan ni surgical critical care (ìtọ́jú ICU fún aláìsàn iṣẹ́-abẹ) ní Amẹ́ríkà, ọdún méjì ni ti Gúúsù Áfíríkà, ìdánwò EDIC ti Yúróòpù sì pín sí apá méjì. Ibi yòówù kí ẹ gbà, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ lè tọ́jú aláìsàn láti òwúrọ̀ dé òwúrọ̀ kejì.

Ẹ jẹ́ ká mú aláìsàn tí gbogbo wa mọ̀ ní Ifẹ̀ àti Iléṣà: ẹni tí táífọ́ọ̀dù dá ìfun rẹ̀ lu, tí a là níkùn, tí a fọ ikùn rẹ̀ tí a sì rán ihò náà, tó wá dé ICU pẹ̀lú tube lọ́fun. Lójú oníṣẹ́-abẹ, iṣẹ́ ńlá ti parí. Lójú àwọn tó ń yẹ logbook wò, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí fẹntilétọ̀, ẹ̀rọ tó ń bá aláìsàn mí. Gíga aláìsàn ni kí ẹ fi ṣírò afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń tì sí i ní ìmí kan, kì í ṣe ìwúwo rẹ̀. Fún ọkùnrin, ẹ yọ 152.4 kúrò nínú gíga rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, ẹ fi 0.91 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá fi 50 kún un. Fún obìnrin, 45.5 lẹ ó fi kún un. Ọkùnrin tó ga tó 170 cm yóò jẹ́ 66 kg. Ní 6 ml fún kg kan, nǹkan bí 400 ml ni. Bí ẹ bá fi 90 kg tí ìwọ̀n sọ ṣe é, 540 ml lẹ ń tì sínú ẹ̀dọ̀fóró kan náà, ẹ̀dọ̀fóró kì í sì í tóbi sí i nítorí pé èèyàn sanra. Ẹ kọ plateau (ìfúnpá inú ẹ̀dọ̀fóró nígbà tí afẹ́fẹ́ bá wọlé tán), kó má kọjá 30 cmH2O. Ẹ kọ PEEP (ìfúnpá tó ń ṣẹ́kù nínú ẹ̀dọ̀fóró nígbà tó bá mí jáde tán), àti ìdí tí ẹ fi yí i padà. Ìdí yẹn ni wọ́n ń wá jù.

Noradrenaline, oògùn tó ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè, ni wọ́n fa igi lé jù nínú tèmi. "4.5 ml ní wákàtí kan" kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò mọ bí ẹ ṣe pò ó. Ẹ kọ ọ́ báyìí: 4 mg nínú 50 ml, ìyẹn 80 microgram nínú ml kan, aláìsàn 60 kg, 0.1 microgram fún kg kan ní ìṣẹ́jú kan. MAP (ìpíndọ́gba ìfúnpá ẹ̀jẹ̀) tí à ń lé, 65 mmHg. Lẹ́yìn náà kí ẹ kọ iye ìtọ̀ rẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí inú mi ti dùn ni ikùn. Àwa la mọ ikùn tí a là. Bí ìtọ̀ bá ń dín kù, tí fẹntilétọ̀ ń fi agbára tì, tí ikùn sì le, ẹ wọn ìfúnpá inú rẹ̀ láti inú àpò ìtọ̀: saline tí kò ju 25 ml lọ, kí aláìsàn sùn gbalaja, kí ẹ fi òdo sí ìlà àárín abíyá, kí ẹ kà á nígbà tó bá mí jáde tán. Láti 12 mmHg sókè, ó ti ga. Tó bá kọjá 20 tí ẹ̀yà ara míì tún ń kọṣẹ́, ẹ má da omi sí i mọ́ kí ìtọ̀ lè jáde. Ẹ pe tíátà (yàrá iṣẹ́-abẹ). Àkọsílẹ̀ mi lórí èyí ni wọ́n yìn, ó sì tọ́ sí mi.

Lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ yọ tube, ẹ dá oògùn oorun dúró láàárọ̀, kí aláìsàn máa mí fúnra rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ fi lítà tó ń fà ní ìmí kan pín iye ìmí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó ń mí 30 pẹ̀lú 0.4 lítà jẹ́ 75, ó dáa. Ẹni tó ń mí 40 pẹ̀lú 0.25 jẹ́ 160, ẹ fi tube sílẹ̀. 105 ni ààlà. Kí ẹ tó yọ ọ́, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá a ó tún padà wọ ikùn yẹn lọ́la.

Ó ku ti ìbuwọ́lù. Àwọn dókítà akunilóorun ló ni ICU níbí, ó sì nídìí: láti 1952, tí Bjørn Ibsen ti lo ọgbọ́n iṣẹ́ wọn fún àwọn tí pólíò ò jẹ́ kí wọ́n lè mí ní Copenhagen, ni iṣẹ́ náà ti wà lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, ọ̀gá tiwa ní tíátà kò lè buwọ́ lu logbook yìí. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gba lẹ́tà méjì: ọ̀kan láti ẹ̀ka iṣẹ́-abẹ pé ẹ ò sí lórí rọ́tà tíátà, ìkejì láti ọ̀dọ̀ kọ̀ńsọ́tàǹtì ICU pé òun ló ń bójú tó yín. Ẹni tó ń lọ bọ̀ láàrin Ifẹ̀ àti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, kó kọ ibi tó wà lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà tí ẹ fúnra yín yàn ni kí ẹ kọ, kì í ṣe orúkọ aláìsàn. Kí kọ̀ńsọ́tàǹtì sì buwọ́ lù ú lọ́jọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, nígbà tó ṣì rántí aláìsàn náà, torí wọ́n máa ń pè é láti béèrè.