Bí a ṣe ń múra ọmọ tí ó ní cystic fibrosis sílẹ̀ fún àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀fóró nínú ẹ̀rọ MRI

Ọmọ tí ó ní cystic fibrosis sábà máa ń wúkọ́ láti kékeré. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ inú àyà rẹ̀ a máa lẹ̀ bí àtè, òógùn rẹ̀ a sì ní iyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá rẹ̀ yóò tọ́ ọ wò nígbà tí ó bá fẹnu kan iwájú orí rẹ̀. Àìsàn àjogúnbá ni. Ọmọ gbọ́dọ̀ gba jíìnì CFTR tí ó lábùkù lọ́dọ̀ bàbá àti lọ́dọ̀ ìyá kí ó tó ní in, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde tí gbogbo wa mọ̀. Nítorí pé kò wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí ásímà ni a sábà máa ń kọ́kọ́ fura sí, ọmọ a sì ti lo oògùn oríṣiríṣi kí ẹnikẹ́ni tó ní kí a yẹ òógùn rẹ̀ wò. Bí chloride, èròjà kan tí ó wà nínú iyọ̀, tí ó wà nínú òógùn náà bá tó 60 mmol nínú lítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àìsàn yìí ni dókítà yóò fura sí gidigidi. Ẹ̀rọ MRI kì í ṣe iṣẹ́ yẹn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti fi hàn bí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tí a ti mọ àìsàn rẹ̀ ṣe wà.

Ẹ̀rọ CT ni ó ṣì ń fi àwọn ẹ̀ka kéékèèké inú ẹ̀dọ̀fóró hàn kedere jù lọ, n kò sì ní fi èyí pamọ́ fún òbí kankan. Ṣùgbọ́n ìtànṣán tí ó lè pa ara lára bí ó bá pọ̀ ni CT ń lò, ọmọ tí a ó sì máa ya àwòrán àyà rẹ̀ léraléra títí yóò fi dàgbà kò yẹ kí ó máa gba ìtànṣán lé ìtànṣán bí ọ̀nà mìíràn bá wà. Òòfà ńlá àti ìgbì rédíò ni MRI ń lò. Omi inú ara ni ó sì ń fi ya àwòrán, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ ni ó kún inú ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí nìyí tí ẹ̀dọ̀fóró tí kò ní àrùn fi máa ń dúdú nínú àwòrán náà. Fún ọmọ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, àléébù náà di àǹfààní, nítorí pé omi wà nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí ó dí ọ̀nà èémí àti nínú ògiri ọ̀nà èémí tí ó wú, wọn a sì funfun báláú láàárín òkùnkùn.

Kí ẹ tó gbé ọmọ kúrò ní Iléṣà wá sí Ilé-Ifẹ̀, tàbí kúrò ní Ifẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn, ẹ jẹ́ kí dókítà ọmọdé tí ó ń tọ́jú rẹ̀ ti bá àwọn ará yàrá àwòrán sọ̀rọ̀. Ọpọlọ, ọ̀pá ẹ̀yìn àti orúnkún ni ọ̀pọ̀ ibi ń lo MRI fún, ètò ọ̀tọ̀ sì ni àyà ọmọdé ń fẹ́. Ẹ bẹ̀ wọ́n fún àkókò tí èrò kò pọ̀, nítorí pé kòkòrò bíi Pseudomonas lè ràn láti ara ọmọ kan tí ó ní àìsàn yìí sí ara èkejì. Wọn kò gbọ́dọ̀ jókòó ti ara wọn.

Irin kò gbọ́dọ̀ wọ yàrá náà rárá. Ẹ bọ́ yẹtí, ẹ yọ pín-ìnnì, ẹ tú ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, ẹ sì nu tìróò kúrò lójú ọmọ. Bí ìyá àgbà bá ti so òǹdè mọ́ ọn, ẹ fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé fún wọn kí ẹ sì tú u nílé, nítorí pé abẹ́rẹ́ tàbí irin lè wà nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́. Bí a bá ti fi ohunkóhun sí abẹ́ awọ ọmọ láti máa gba ibẹ̀ fún un lóògùn, ẹ mú ìwé rẹ̀ lọ.

Mímú èémí dúró ni iṣẹ́ tí ó tóbi jù, ọwọ́ òbí ni ó sì wà. Àwòrán àyà máa ń dàrú bí ọmọ bá ń mí gúlegúle, nítorí náà wọn yóò ní kí ó mí sínú kí ó dá a dúró, tàbí kí ó mí síta kí ó dá a dúró, ní ìgbà púpọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ẹ tẹ́ ẹní, kí ọmọ fẹ̀yìn lélẹ̀, kí ẹ gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀, kí ẹ máa ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta títí dé márùn-ún; ní ọjọ́ mélòó kan, ẹ ó dé mẹ́wàá, lẹ́yìn náà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ má fi ipá ṣe é, ẹ sì dúró bí ikọ́ bá dé. Nígbà tí ó bá ti mọ̀ ọ́n, kí ó ṣe é lábẹ́ tábìlì tí ẹ fi aṣọ bò, kí ihò ẹ̀rọ náà má baà ṣe àjèjì sí i. Ní ti ariwo, ẹ mú un dé ìdí ẹ̀rọ ìlọta, kí ẹ sọ fún un pé ẹ̀rọ ilé ìwòsàn yóò máa kígbe bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n kò ní fọwọ́ kàn án, àti pé wọn yóò fi nǹkan bo etí rẹ̀.

Ọmọ tí ó ti tó ọdún mẹ́fà tàbí méje sábà máa ń lè ṣe é lójúfò. Ìkókó a máa sùn lẹ́yìn ọmú bí a bá wé e dáadáa. Àwọn tí ó wà láàárín ni ó sábà máa ń nílò oògùn oorun, a sì gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀ ṣáájú rẹ̀: ohun tí a sábà ń sọ ni wákàtí mẹ́fà fún oúnjẹ, mẹ́rin fún ọmú àti méjì fún omi lásán, ṣùgbọ́n ohun tí ilé ìwòsàn yín bá sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ rán wọn létí pé ọmọ yìí tètè ń pàdánù iyọ̀, kí wọ́n má ṣe fi í sí ìparí ìlà.

Nígbà mìíràn, wọn a fi oògùn gadolinium sínú iṣan láti rí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dé apá kọ̀ọ̀kan ẹ̀dọ̀fóró, nítorí pé ibi tí afẹ́fẹ́ kò bá dé, ẹ̀jẹ̀ náà a máa yà fún un. Bí ọmọ bá ti gba abẹ́rẹ́ apakòkòrò bíi gentamicin tàbí amikacin, ẹ sọ ọ́ ṣáájú, kí wọ́n lè yẹ kíndìnrín rẹ̀ wò, nítorí pé irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ lè pa kíndìnrín lára, kíndìnrín ni ó sì ń gbé gadolinium jáde.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá kí ẹ gbá ọmọ láyà àti lẹ́yìn kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde. Èyíkéyìí tí ó bá sọ, ẹ ṣe bákan náà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá padà wá, nítorí pé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí ó jáde lónìí tí kò jáde lọ́dún tí ó kọjá lè mú kí àfiwé ṣini lọ́nà. Bí nọ́ọ̀sì bá gbà, kí òbí kan wọlé tì í, lẹ́yìn tí òun náà ti bọ́ irin ara rẹ̀.

Nígbà tí èsì bá dé, ẹ lè rí àmì, ìyẹn nọ́ńbà tí ó ń sọ bí ẹ̀dọ̀fóró ṣe bàjẹ́ tó. Nínú ọ̀nà ìṣirò kan tí àwọn onímọ̀ ní Jámánì gbé kalẹ̀, a pín ẹ̀dọ̀fóró sí apá mẹ́fà, a sì ń fún ìṣòro kọ̀ọ̀kan ní òdo bí kò bá sí, oókan bí kò bá tó ìdajì apá náà, eéjì bí ó bá tó ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmì tí ó ga kì í ṣe máàkì ilé ìwé. Bí ó bá ti ń lọ sókè ni ẹ̀dọ̀fóró ń bàjẹ́ sí i. Ẹ béèrè pé èwo nínú rẹ̀ ni kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí ìtọ́jú lè ṣí, èwo sì ni ọ̀nà èémí tí ó ti fẹ̀ kọjá àtúnṣe. Ẹ gba díìsìkì àwòrán náà lọ́wọ́ wọn, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i lára, àti bóyá ọmọ ń wúkọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà, nítorí pé dókítà tí yóò ya àwòrán tí ó tẹ̀ lé e lè má jẹ́ ẹni tí ó ya èyí.