Ìbọn tí Bàbá Àgbà Fi Sílẹ̀: Àṣìṣe tí Ó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Wa

Nígbà tí a sìnkú bàbá àgbà mi tán ní Kétu, tí ẹbí jókòó pín ogún, èmi ni wọ́n gbé ìbọn lé lọ́wọ́. Ó ga dé èjìká mi, ẹ̀fin orí àjà ti sọ ọ́ di dúdú kirikiri. Lọ́jọ́ kejì, mo gé ọsàn wẹ́wẹ́, mo bu eérú, mo wá irin ìfọkòkò, mo sì ha á láti àárọ̀ títí ó fi ń dán bí abọ́ tuntun. Ẹ wo bí inú mi ṣe dùn! Ìgbà tí ọkùnrin kan tó mọ ìbọn àtijọ́ wá wò ó, ó fi ìka pa ìdí irin náà, ó ní, "Ta ló ha ojú rẹ̀ báyìí?" Gbogbo àmì tí ì bá sọ ibi tí wọ́n ti rọ ọ́ fún wa, mo ti ha á dànù.

Ẹni tó ti ṣe é rí ló ń kọ èyí o.

Àṣìṣe tó lè pani ni ká kọ́kọ́ mú. Àwọn àgbà ní, "Ó lápátí, kò lápátí, ta ni ó jẹ́ jẹ́ kí á kọjú ìbọn sí òun?" A mọ òwe náà, síbẹ̀ nílé òkú, ìbọn á máa ti ọwọ́ dé ọwọ́, ọmọdé á fa apátí wò, àgbà á gbé e léjìká ya fọ́tò. Ọdẹ a máa ki ìbọn sílẹ̀. Bó bá kú lójijì, ìbọn kò mọ̀ pé olówó òun ti lọ. Ẹ̀tù dúdú tí omi kò kàn lè wà níbẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kó sì tún gbiná. Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò nìyí: ẹ kọ ẹnu rẹ̀ síbi tí kò séèyàn, kí ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ rọra ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ (igi, kì í ṣe irin) bọ̀ ọ́ títí yóò fi dúró. Ẹ sàmì sí igi náà níbi tó bá ẹnu ìbọn dọ́gba, kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ wá tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ìbọn níta. Bí orí igi kò bá dé ọ̀gangan ihò kékeré tí iná ń gbà wọlé, nǹkan kan wà nínú rẹ̀. Ó lè jẹ́ ilé agbọ́n, ó lè jẹ́ ọta. Ẹ má fi irin wú u. Ẹ má sì gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ kó tì í bọná. Ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ pe ọlọ́pàá. Irú èyí tí ń ṣí lẹ́yìn, ẹ ṣí ìdí rẹ̀ wò pẹ̀lú.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ orúkọ. Lọ́dọ̀ wa, gbogbo ìbọn tó bá ti gbó, "ìbọn ogun Béhanzin" (ọba Dàhòmì tó bá Faransé jagun) ni. Mo mọ ibi tí ìtàn náà ti ń dùn mọ́ wa: ogun Dàhòmì fọ́ Kétu ní 1886, nítorí náà kò sí ìdílé tí kò fẹ́ kí ìbọn ilé òun ti dúró rí ní Akaba Idena, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu. Lóòótọ́, Béhanzin ra ìbọn lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Jámánì kí àwọn ọmọ ogun Faransé tí ọ̀gágun Dodds ṣáájú tó wọ Abomey ní oṣù kọkànlá 1892, Chassepot sì wà lára wọn. Ìbọn Faransé fúnra rẹ̀ ni Chassepot, tí wọ́n ṣe ní 1866! Ṣùgbọ́n ṣakabùlà ló pọ̀ jù nínú ohun tí ń bẹ lórí àjà wa.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu ìbọn lẹ́yìn tó bá ti dá yín lójú pé òfìfo ni. Bí ẹ bá rí ìlà tó lọ́ bí okùn nínú ihò náà, ráífù ni. Bí inú rẹ̀ bá jọ̀lọ̀, kì í ṣe ráífù, ṣakabùlà ló sábà máa ń jẹ́. Chassepot gùn ní nǹkan bíi mítà kan àti ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà, ihò rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 11, orúkọ ilé ìrọbọn Faransé bíi Saint-Étienne tàbí Tulle sì máa ń wà lára irin rẹ̀. Ìbọn Gras ti Faransé, ti 1874, jọ ọ́ gan-an, àmọ́ ọta onídẹ ni tirẹ̀ ń jẹ, ti Chassepot jẹ́ oníbébà.

Ẹ̀tàn kan wà tó ti mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ TOWER àti àwòrán adé lára ìbọn, ẹ má yára pariwo ìbọn ọba Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù a máa lu àmì bẹ́ẹ̀ sára ìbọn tí wọ́n ń rọ fún títà ní ilẹ̀ wa. Àmì tiwọn gan-an ni ELG nínú àmì rọ́bótó bí ẹyin. Ó máa ń fara pamọ́ sábẹ́ igi nígbà mìíràn. Àwọn mìíràn sì wà tí alágbẹ̀dẹ ìlú fi páìpù omi rọ, tí kò ju ogójì ọdún lọ. Ní tèmi, ìyẹn pẹ̀lú níyì, iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ Ògún ni, ká ṣáà má purọ́ ọjọ́ orí mọ́ ọn.

Ẹ ya fọ́tò gbogbo ara rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ bi àwọn ìyá àgbà léèrè ẹni tó ní in kí bàbá tó ní in, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Nípa fífọ̀: ẹ jìnnà sí ọsàn wẹ́wẹ́, eérú, bébà ìfági àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àti omi. Aṣọ òwú rírọ̀ àti òróró ẹ̀rọ ìránṣọ díẹ̀ ló tó fún irin. Ìda oyin ló tó fún igi. Epo pupa ni ọ̀pọ̀ ń lò. Ó ń lẹ̀, ó ń di eruku mú, ìdógùn-ún sì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń bọ Ògún ń béèrè pé kí ni kí àwọn ṣe sí ẹ̀jẹ̀ àti epo. Iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ń jẹ irin ni. Ní ilé tiwa, a bá olórí ìdílé sọ̀rọ̀, ó gbà kí á fi ọkọ́ àti àdá dípò ìbọn níwájú Ògún.

Ẹ má fi ọ̀rá dì í. Ẹ má fi í sínú àpò awọ. Àwọn méjèèjì ń há ọ̀rinrin mọ́ ọn, bí ó bá sì jẹ́ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lẹ́bàá ọ̀sà lẹ ń gbé, ẹ ó rí i láàárín òjò kan. Ẹ dá a dùbúlẹ̀ tàbí kí ẹ kọ ẹnu rẹ̀ sísàlẹ̀, kí òróró má ṣàn wọ igi. Kó má fara kan ògiri nítorí ikán. Tí ọyẹ́ bá dé, ẹ gbé e jìnnà sí iná àti oòrùn, igi á sán.

Ìgbà ìsìnkú ni wọ́n ń sọ pé "ẹ yìn ín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí òkú ọdẹ gbọ́." Ẹ má gbà. Irin tó ti dógùn-ún nínú lè bẹ́ sí ojú ẹni tó gbé e. Ẹ̀tù òde òní tí kì í rú èéfín burú jù fún un, agbára rẹ̀ ju ohun tí irin náà lè gbà lọ.

Ìwé ìjọba kò ṣeé fojú fò. Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ kò gba kí èèyàn ní ìbọn láìgba àṣẹ, jíjẹ́ ogún kò sì yọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ mú fọ́tò rẹ̀ lọ síbi tí àwọn ọlọ́pàá wà, ẹ má ru ìbọn fúnra rẹ̀ gba ìgboro. Àwọn kan a sì máa fi ọ̀kadà gbé e gba Ìlára kọjá sí ìlú Nàìjíríà kí ìbátan kan lè wò ó. Bí wọ́n bá mú yín ní ẹnubodè, ta ló máa gbọ́ àlàyé ogún?

Tèmi, a tú igi rẹ̀ nígbà tó yá. Lábẹ́ irin, níbi tí irin ìfọkòkò mi kò dé, ìlàjì àmì rọ́bótó kan ṣẹ́ kù, pẹ̀lú lẹ́tà kan ṣoṣo: G.