Bí mo ṣe yan sẹ́tìn XRF fún ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun

Mítà 6 ẹrẹ̀ ni wọ́n kó ka iwájú mi ní láàbù kan ní Jámánì, ẹrẹ̀ tí wọ́n fà látinú òkun lọ́ọ̀ọ́kán ibi tí Odò Ọya ti ń tú sókun, wọ́n ti gé e ní mítà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì là á gbọọrọ bí ẹni la ìrèké. Ọjọ́ 2 péré ni mo ní lórí ẹ̀rọ XRF. Ṣe lẹ̀rọ yìí ń ta X-ray sí ẹrẹ̀ lára, èròjà kọ̀ọ̀kan á wá dá ìtànṣán tiẹ̀ padà, ìyẹn la fi ń mọ èwo ló pọ̀ níbo.

Èmi ọ̀gá, mo ní kí n kúkú tẹ agbára X-ray rẹ̀, tí wọ́n ń fi kV wọ̀n, dé 50 kV, gbogbo ẹ̀ á jáde lẹ́ẹ̀kan náà, àbí ẹni tó lè gbé àpò sìmẹ́ǹtì ò ní lè gbé abọ́ ni. Irọ́ ni o! Filtà kọ́pà, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tá a fi ń sẹ́ X-ray, tá a fi ń ṣe 50 kV ló ń dí ìtànṣán tí kò lágbára, aluminium àti silicon bá di àwátì. 10 kV láìsí filtà ló bá àwọn yẹn àti calcium, titanium, iron mu, pẹ̀lú gáàsì helium, torí afẹ́fẹ́ lásán ń gbé aluminium mì. 30 kV pẹ̀lú filtà palladium ni ti strontium àti zirconium. Barium ló ń fẹ́ 50 kV, mo sì fi í sílẹ̀, àmọ́ mo kọ́kọ́ yẹ ojú ibì kan wò, torí ìlà barium kan, ìyẹn ìtànṣán tó ń dá padà, wà ní 4.47 keV (keV la fi ń wọn agbára ìtànṣán) tí ti titanium sì wà ní 4.51, wọ́n fẹ́ẹ̀ jókòó lórí ara wọn, tí barium bá pọ̀ á máa parọ́ mọ́ titanium. Kò pọ̀.

Ó wá ku ìgbésẹ̀, ìyẹn bí ojú kan tí mo máa wọ̀n ṣe máa jìnnà sí èkejì. Ọkàn mi ń fẹ́ mílímítà 1, ni mo bá ṣírò ẹ̀: ojú 1000 ní mítà kan, sẹ́kọ́ǹdì 15 lójú kan, wákàtí 4 lé, mítà 6 á gba wákàtí 25, fún 10 kV nìkan! Kòkòrò sì ti ro ẹrẹ̀ yẹn pọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ni mo fẹ́ fi mílímítà 1 rí níbẹ̀? Sẹ̀ǹtímítà 1 ni mo mú, ìṣẹ́jú 25 fún mítà kan.

Sẹ́kọ́ǹdì 15 yẹn náà, mo dán an wò ni. Mo wọn ojú kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní 5, 10, 15 àti 20. Ní 5 ńṣe ni aluminium ń fò sókè sódò, láti 15 ó ti fara balẹ̀. Ibi funfun tí ìkarahun pọ̀ sí àti ibi dúdú jù ni mo ti dán iná tó ń ṣàn nínú ẹ̀rọ wò (kì í ṣe kV), torí níbi funfun yẹn dead time ti kọjá 40%, ìyẹn ni pé ẹ̀rọ ń rí ju ohun tó lè kà lọ, mo bá ń dín iná kù títí ó fi wálẹ̀.

Ibi tí mo ti jẹ̀bi ni mítà kẹta. Tààrà látinú fíríìjì ni mo ti gbé e, mo tẹ́ ọ̀rá fẹ́lẹ́ tá a fi ń bo ẹrẹ̀ ká tó wọ̀n ọ́n lé e, òtútù bá di omi sábẹ́ ọ̀rá, chlorine ga fíofío, silicon wálẹ̀, inú mi ti ń dùn pé mo rí nǹkan àrà ńlá! Mo ní láti ṣí i, kí n jẹ́ kó móoru, kí n tún un wọ̀n.

Nígbà tí mo parí, mo tún mítà àkọ́kọ́ wọ̀n, ìlà tuntun sì sùn lé ti àárọ̀ lórí. Mo kó ẹrẹ̀ padà sí fíríìjì.