Bí Mo Ṣe To Láptọ́ọ̀pù Mi Lẹ́yìn Tí Mo Gbé Ubuntu Tuntun Sí I

Láptọ́ọ̀pù tí mo fi ń ṣe iṣẹ́ ìtumọ̀ ti pẹ́ lọ́wọ́ mi, kò sì ní ohun tí Windows 11 ń béèrè. Nígbà tí àtìlẹ́yìn fún Windows 10 dópin ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, mo pinnu láti gbé Ubuntu 24.04, ètò ọ̀fẹ́ tí ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, sí i, nítorí pé ẹ̀dà yìí, tí ó jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, yóò máa gba àtúnṣe ààbò fún ọdún márùn-ún. Gbígbé e sórí ẹ̀rọ kò ni mí lára rárá. Ìgbà tí ó parí, tí mo tún láptọ́ọ̀pù tàn, ni iṣẹ́ gan-an tó bẹ̀rẹ̀.

Àmì Wi-Fi kò sí lójú kọ̀ǹpútà. Wàhálà rẹ̀ ni pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni driver (ètò tí ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè lo ẹ̀yà rẹ̀ kan) tí ẹ̀rọ Wi-Fi nílò wà, bẹ́ẹ̀ láìsí driver náà, n kò lè dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń rò lójú ẹsẹ̀ pé Wi-Fi ti bàjẹ́, tí wọn yóò sì gbé láptọ́ọ̀pù lọ fún àwọn tí ń tún un ṣe. Kí n tó ro irú èrò bẹ́ẹ̀, mo ṣí terminal, ojú tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, mo sì tẹ <code>lspci -k</code>. Àṣẹ yìí máa ń to àwọn ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì kọ “Kernel driver in use” sábẹ́ èyí tí ó bá ti ní driver. Ìlà náà wà lábẹ́ ẹ̀yà ohùn, ó wà lábẹ́ ẹ̀yà àwòrán, ṣùgbọ́n kò sí lábẹ́ “Network controller”. Ó yé mi nígbà náà pé ara Wi-Fi le, Ubuntu sì rí i. Ohun tí yóò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ra wọn yé ni kò sí.

Fóònù Android mi ni mo fi yanjú èyí. Mo fi wáyà so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù, mo sì tan “USB tethering”, èyí tí ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lo dátà fóònù, nínú ètò hotspot rẹ̀. Wáyà àkọ́kọ́ tí mo lò kò mú nǹkan kan wá, nítorí pé irú èyí tí ń gbé iná nìkan ni. Nígbà tí mo pààrọ̀ rẹ̀, Ubuntu gba fóònù náà bí ẹni pé íntánẹ́ẹ̀tì onífọ́nrán ni, láìbéèrè driver kankan. Nítorí pé dátà fóònù ni mò ń ná, mo fi àtúnṣe ńlá sílẹ̀ di ìgbà tí Wi-Fi bá ṣiṣẹ́. Mo tẹ <code>sudo apt update</code> nìkan, èyí tí ó kàn ń sọ àkójọ àwọn ètò di tuntun, lẹ́yìn náà ni mo ṣí “Additional Drivers”, ibi tí Ubuntu ti ń wá driver, mo yan driver tí ó fi hàn mí, mo sì tẹ “Apply Changes”.

Ibi tí ó yẹ kí ènìyàn ti fara balẹ̀ jù lọ ni ohun tí ó tẹ̀ lé e. Secure Boot, ètò ààbò tí ń yẹ ohun tí ẹ̀rọ ń pè wò bí ó ti ń tàn, wà ní títàn lórí láptọ́ọ̀pù mi, kì í sì í gba driver tí kò bá ní òǹtẹ̀ tí ó mọ̀. Ubuntu ní kí n dá páswọ́ọ̀dù kan, kí n sì tan ẹ̀rọ padà. Bí ó ti ń tàn, ojú aláwọ̀ búlúù kan yọ, ó ní kí n tẹ bọ́tìnnì èyíkéyìí kí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tó pé. N kò sí nídìí rẹ̀. Mo ti lọ bu omi mu. Nígbà tí mo fi máa padà, ó ti kọjá, Wi-Fi kò sì ṣiṣẹ́. Mo gbìyànjú láti fi <code>modprobe</code> pe driver náà, ó sì dá mi lóhùn pé “Key was rejected by service”. Ìdáhùn yìí tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí ó sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà ní pàtó: driver ti wọlé, òǹtẹ̀ rẹ̀ ni a kò tíì fọwọ́ sí. Mo tẹ <code>sudo mokutil --import /var/lib/shim-signed/mok/MOK.der</code>, mo dá páswọ́ọ̀dù mìíràn, èyí tí kò ní ju lẹ́tà kéékèèké àti nọ́ńbà lọ, mo tan ẹ̀rọ padà, mo sì jókòó tì í. Mo yan “Enroll MOK”, ìyẹn ni pé kí ó gba òǹtẹ̀ náà wọlé, mo tẹ páswọ́ọ̀dù náà, mo sì ní kí ó tún ara rẹ̀ tàn. Wi-Fi yọ.

Ìgbà yẹn ni mo tó ṣe àtúnṣe ńlá náà pẹ̀lú <code>sudo apt upgrade</code>. Kernel (ọkàn Ubuntu, tí àwọn driver ń bá ṣiṣẹ́) tuntun wà nínú ohun tí ó wọlé, nítorí náà mo yẹ <code>dkms status</code> wò láti rí i pé a ti tún driver náà kọ́ fún un, kí n má baà tan ẹ̀rọ lọ́jọ́ kejì kí n tún bá a láìsí Wi-Fi.

Ètò orin àti fídíò kò gba àkókò: <code>ubuntu-restricted-extras</code> kó gbogbo wọn wá. Ojú ìwé àdéhùn kan máa ń yọ láàárín rẹ̀ nínú terminal, tí mouse kò ràn. Bọ́tìnnì Tab ni a fi ń dé orí “Ok”.

Ohun tí mo kà sí pàtàkì jù nínú iṣẹ́ tèmi ni kíbọ́ọ̀dù Yorùbá. Ó ti wà nínú Ubuntu, lábẹ́ Nigeria, nínú “Input Sources”. Mo fi í kún un, mo sì ń fi Super àti Space yí láti èdè kan sí èkejì. Fọ́ńtì, ìyẹn ìrísí lẹ́tà, náà ṣe kókó, nítorí pé lẹ́tà bí ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode, ìlànà tí ń fún àwọn lẹ́tà ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà àti àmì ni a ń tò pọ̀, fọ́ńtì tí kò bá sì mọ̀ ọ́n tò yóò gbé àmì ohùn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Noto Sans tò wọ́n dáadáa, òun ni mo sì fi sínú LibreOffice tí mo fi ń kọ̀wé.

Mo dán ohùn, makirofóònù àti kámẹ́rà wò, mo pa ìdérí láptọ́ọ̀pù dé, mo sì ṣí i padà láti mọ̀ bóyá Wi-Fi yóò jí pẹ̀lú rẹ̀. Ó jí. Mo fi Timeshift ya ẹ̀dà gbogbo ètò náà pamọ́ sórí hard disk ìta, lẹ́yìn èyí ni mo tó dá àwọn fáìlì iṣẹ́ mi padà.